Nuad Thai: masáàjì àwọn ará Táílàńdì fún ara ríro tí ò lọ

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ "nuad", ohun tó túmọ̀ sí lédè Táílàńdì ò ju kéèyàn fọwọ́ tẹ ara kó sì wọ́ ọ lọ. Àmọ́ ẹni tó ń retí òróró àti bẹ́ẹ̀dì, ẹnu á yà á o, torí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, lórí mátíráàsì pẹlẹbẹ, tòun taṣọ lọ́rùn yín. Ẹni tó ń ṣe é á fi àtàǹpàkò, ìgúnpá, orúnkún, àní àtẹ́lẹsẹ̀ pàápàá tẹ̀ yín, ara ẹ̀ ló máa rọra fi sọ̀ lé yín díẹ̀díẹ̀, á wá di ẹsẹ̀ yín mú, á fà á, á ká a, á rọra yí ẹ̀yìn yín, ẹ̀yin á kàn máa mí ni. Nígbà míì wọ́n á di ata ilẹ̀ pupa àti ewé tíì sínú aṣọ, wọ́n á gbé e sórí oru omi, wọ́n á fi jó ibi tó ń ro yín.

Àwọn tó ni ín gbà pé ọ̀nà kan wà lára tí agbára ń gbà, sen ni wọ́n ń pè é, mẹ́wàá ló ṣe gbòógì. Dókítà ò rí sen yìí nínú ara tí wọ́n bá là á o. Àmọ́ ti iṣan tó dì bíi kókó lè yé wa: tí èjìká bá ti ń dunni ju oṣù mẹ́ta lọ, ọpọlọ lè máa ká iṣan yẹn kò bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé, ìrònú á mú un le sí i, líle yẹn náà á tún fa ìrònú. Títẹ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú mímí lè jẹ́ kí ọpọlọ dẹwọ́, kí oorun wá, kí ọkàn fúyẹ́.

Nílé ìjọsìn Wat Pho ní Bangkok, Ọba Rama Kẹta ní kí wọ́n gbẹ́ ìmọ̀ yìí sára òkúta kó má bàa sọnù, ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840. Ọdún 1955 ni ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, lọ́dún 2019, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì fi Nuad Thai sára àwọn àṣà àjogúnbá aráyé. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé olùtẹ̀ máa ń kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ pọ̀ gbàdúrà, kí inú tiẹ̀ náà rọ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló wà fún. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ṣàdédé wú tó sì gbóná, ẹni tí egungun ẹ̀ ti ń gbó, aláboyún, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń kú tipiri, ẹ rí dókítà ná. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá yí ọrùn yín. Tí ibì kan bá dùn yín gan-an, ẹ má fara dà á o, ẹ sọ "bao bao", pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìyẹn lédè wọn, ó sì yẹ kó dẹwọ́ lójú ẹsẹ̀.