Àdìrẹ alábẹ́rẹ́

Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni ẹ̀yà àdìrẹ tí a máa ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú, tàbí abẹ́rẹ́ àti ìko, rán àrà sí lára kí a tó rì í sínú aró. Ibi tí òwú bá ti fún aṣọ pọ̀ pinpin ni aró kì í rí ọ̀nà wọ̀. Bí a bá sì tú òwú náà kúrò lẹ́yìn tí aṣọ ti gbẹ, ibẹ̀ á wà ní funfun tàbí ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín aṣọ tó ti dúdú. Orúkọ àdìrẹ fúnra rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ náà tán: à ń dì í, a sì ń rẹ ẹ́ sínú aró. Èyí ló mú kí ìránṣọ yìí yàtọ̀ sí ti télọ̀. Télọ̀ ń rán aṣọ kí ó má baà tú, ṣùgbọ́n aládìrẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gbogbo ohun tí òun rán lòun yóò tú.

Àwọn ẹ̀yà àdìrẹ yòókù ni oníko, tí a máa ń fi ìko di òkúta wẹ́wẹ́ tàbí hóró èso mọ́ inú aṣọ, àti ẹlẹ́kọ, tí a máa ń fi ẹ̀kọ tí a rò láti ara láfún ya àrà. Ẹlẹ́kọ ló lókìkí jù lọ lóde òní, bóyá nítorí pé àwòrán inú rẹ̀ ṣeé kà bí ìwé: nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn, òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, hàn gbangba. Alábẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ kò béèrè ẹ̀kọ tàbí páànù tí a gé àrà sí láti fi tẹ ẹ̀kọ mọ́ aṣọ. Ẹni tó bá ní abẹ́rẹ́, òwú àti sùúrù lè ṣe é nínú yàrá rẹ̀.

Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo wà lára àwọn ìlú tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ àdìrẹ jù lọ, àwọn obìnrin ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyá Màpó ni òrìṣà tí àwọn aláró máa ń bọ. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí aṣọ òwú funfun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pọ̀ lọ́jà, nítorí pé aṣọ yẹn fẹ́lẹ́ ju òfì lọ, abẹ́rẹ́ sì ń gbà á kọjá wẹ́rẹ́. Ìró kan sábà máa ń jẹ́ ègé méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n yáàdì méjì àbọ̀, tí a rán pọ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọjà àdìrẹ dẹnu kọlẹ̀, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de kọ́sítíìkì sódà, kẹ́míkà tí wọ́n ń lò dípò omi eérú, àti aró òyìnbó ní Abẹ́òkúta nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n ń ba aṣọ jẹ́. Àwọn aláró tí òfin náà ni lára sì tako ọba lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Aṣọ tó yẹ fún iṣẹ́ yìí ni aṣọ òwú tí kò ní polyester nínú, torí polyester kì í gba aró elú. A ní láti kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ aṣọ tuntun, kí sítáàṣì inú rẹ̀ lè jáde, kí ó sì súnkì tán kí a tó wọn ohunkóhun lára rẹ̀. A ó wá fi pẹ́ńsù ya ìlà àrà náà fẹ́ẹ́rẹ́. Òwú gbọ́dọ̀ lágbára, kí ó sì jẹ́ onílọ̀ọ́po méjì, pẹ̀lú kókó ńlá nídìí, nítorí pé bí kókó bá yọ gba inú aṣọ nígbà tí a bá ń fà á, iṣẹ́ ìlà yẹn ti ṣòfò.

Ọ̀nà ìránṣọ tó rọrùn jù ni èyí tí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé, tó ń jáde lórí ìlà, tí àlàfo àárín ìgúnwọlé kan sí èkejì kò ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Bí a bá tú u, ohun tí yóò hàn ni ẹsẹ̀ àmì funfun wẹ́wẹ́. Bí a bá ṣẹ́ aṣọ po lórí ìlà náà kí a tó rán an nítòsí etí ìṣẹ́po, ẹsẹ̀ méjì ni yóò jáde, tí wọn yóò kọjú síra. Bí abẹ́rẹ́ bá sì ń yí etí ìṣẹ́po náà ká dípò kí ó kàn wọlé kí ó jáde, àrà tí yóò jáde máa ń jọ egungun ẹja. Ìṣẹ́po yìí wúlò fún ewé pẹ̀lú: ìdajì ewé péré ni a ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí aṣọ ti ṣẹ́, odindi ewé ni yóò sì hàn nígbà tí aṣọ bá tẹ́. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á fa òwú ìlà àkọ́kọ́ kí wọ́n tó rán ìkejì, aṣọ á wá súnjọ, wọn kò sì ní rí ìlà yòókù mọ́. Gbogbo ìlà ni a gbọ́dọ̀ rán tán, kí ìrù òwú kọ̀ọ̀kan ṣì wà níta, kí a tó máa fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí aṣọ yóò fi le bí okùn, kí a sì ta á ní kókó. Bí fífà náà bá dẹ̀, aró á wọlé, kò sì sí ẹ̀rọ̀ fún èyí.

Aṣọ funfun ní í sunkún aró, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Inú ewé elú ni aró ìbílẹ̀ ti ń wá. A máa ń gún ewé náà, a ó mọ ọ́n bí ìṣù, a ó sì sá a gbẹ. Omi eérú, tí a sẹ́ láti inú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu bí ajere, ni a ó rẹ ẹ́ sí fún ọjọ́ díẹ̀ títí yóò fi kan. Búlúù inú elú kì í yòrò nínú omi lásán: omi eérú àti kíkan yìí ló ń yí i padà di ohun tó lè wọ inú òwú aṣọ. Ìdí nìyí tí aṣọ fi máa ń ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n nígbà tí a bá kọ́kọ́ fà á jáde, tí afẹ́fẹ́ yóò sì sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó dú yóò máa rì í, yóò máa sá a sí afẹ́fẹ́, lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Fífi í sílẹ̀ pẹ́ nínú aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè rọ́pò èyí.

Àwọn tó pọ̀ jù lónìí ń lo aró òyìnbó, kọ́sítíìkì sódà àti hydrosulphite, kẹ́míkà tó ń mú kí aró lè yòrò nínú omi. Kọ́sítíìkì máa ń jó ara, nítorí náà a gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kí a ṣe é níta, kí a sì da kọ́sítíìkì sínú omi díẹ̀díẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ da omi lé kọ́sítíìkì lórí. Ìkòkò alumíníọ̀mù kò dára fún un, torí kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́. Abọ́ ike ló dára, kò sì gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́.

Ibi títú ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Kí aṣọ ti gbẹ dáadáa, kí a fi orí bíléèdì gbé kókó òwú sókè kúrò lára aṣọ kí a tó gé e, torí òwú tó ti dú kì í yàtọ̀ sí aṣọ tó yí i ká. Èyí tí a fi ẹ̀rọ rán, tó sábà jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin, ṣòro tú ju ti ọwọ́ lọ, nítorí ìránṣọ rẹ̀ kéré, ó sì sún mọ́ra.

Ohun tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ni àpò ìrọ̀rí. Fún ìrọ̀rí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 75, tó sì fẹ̀ ní 50, aṣọ tó gùn ní nǹkan bí 170, tó sì fẹ̀ ní 54, ti tó, pẹ̀lú etí tí yóò ṣẹ́ wọlé dípò síìpù. Kí a ti fi àrà sí i, kí a rẹ ẹ́ láró, kí a tú u, kí a sì lọ̀ ọ́ kí a tó rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀. Nígbà fífọ̀ àkọ́kọ́, omi tútù ni kí a lò, kí ó sì dá wà nínú abọ́ tirẹ̀, torí aró tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ yóò ràn mọ́ aṣọ mìíràn. Ibòji ni kí a sì sá a sí.