Gríìlì: Ẹnu Tí Ọkọ̀ Fi Ń Mí

Lọ́jọ́ Sátidé kan, níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ní Kàbà, jíìpù tuntun kan wọlé, àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ sì dáwọ́ dúró. Ojú rẹ̀ ga tó àyà mi. Ihò gbàǹgbà méjì là sílẹ̀ láàrin iná rẹ̀, láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ wo ẹnu bí ẹja àrọ̀!" Èkejì ní kó panu mọ́, pé ẹni tí kò rówó rà á ló ń sọ pé ó burẹ́wà. Wọ́n fà á títí omi fi tán nínú kẹ́ẹ̀gì, kò sì sẹ́ni tó bèèrè iṣẹ́ tí ẹnu yẹn ń ṣe.

Gríìlì la ń pè é. Òun ni àwọ̀n irin tàbí ike tó wà láàrin iná iwájú méjèèjì, tí wọ́n sábà máa ń lẹ àmì ilé-iṣẹ́ mọ́. Wọ́n ṣe é kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé bá rédíétọ̀, kí òkò tí táyà tírélà ń ta má sì ráyè. Iná ló ń jó nínú ẹ́ńjìnì. Omi ń yí ẹ́ńjìnì ká, ó ń gba ooru lára rẹ̀, ó ń gbé e wá sínú rédíétọ̀, níbi tó ti ń gba inú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá. Atẹ́gùn á fẹ́ sí àwọn ọ̀pá náà lára, omi á tutù, á tún padà lọ gbé ooru mìíràn. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, eré rẹ̀ ló ń kó atẹ́gùn wọlé. Bó bá dúró, fáànù ló ń fà á. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé tírélà sìmẹ́ńtì lójú ọ̀nà Ọbajánà nígbà ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń wí: eruku á dí ojú rédíétọ̀, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ẹni tí imú rẹ̀ dí.

Ọkọ̀ kan wà tí kò lẹ́nu rárá, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n. Ìjàpá ni, Volkswagen Beetle. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, kò lo omi, fáànù ló ń fẹ́ ẹ, nítorí náà àwọn ihò wẹ́wẹ́ abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn ló fi ń mí. Wọn ò la ẹnu sí i níwájú torí pé kò sí ohun tí ẹnu ọ̀hún fẹ́ gbé mì. Peugeot 504, tó jáde ní 1968, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ní ẹnu ní tiẹ̀, àmọ́ ẹnu pẹlẹbẹ ni. Ó gbé èrò àti iṣu àti ewúrẹ́ gba ọ̀nà wa yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu pẹlẹbẹ yẹn sì tó o mí.

Kí ló wá fẹ ẹnu ọkọ̀ òde òní tó báyìí?

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwa gan-an kì í wo iwájú ọkọ̀ bí ẹni ń wo irin, ojú ẹ̀dá là ń rí níbẹ̀. Ṣé kì í ṣe àwa la pe Honda Accord kan ní Bulldog, tá a tún wo iná iwájú òmíràn tá a pè é ní Evil Spirit? Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé gríìlì lèèyàn máa fi dá ọkọ̀ wọn mọ̀ látòkèèrè, bí a ṣe ń fi ilà ojú dá ọmọ ìdílé mọ̀ láyé àtijọ́. BMW ti ń la ihò méjì bíi kíndìnrín síwájú ọkọ̀ láti 1933. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kíndìnrín náà fi kéré, tó rọra dúró. Nígbà tó di 2020, wọ́n gbé ọkọ̀ wọn kan, 4 Series, jáde, kíndìnrín ti fà dé ìsàlẹ̀ bọ́ńpà, ariwo sì sọ. Lexus ní tiẹ̀ mú àwòrán ìrànwú, èyí tí wọ́n fi ń ran òwú, ó sọ ọ́ di ẹnu: ó fẹ̀ lókè, ó fún láàrin, ó tún fẹ̀ nísàlẹ̀. Èyí dùn mọ́ mi ju ẹnu ọ̀hún fúnra rẹ̀ lọ, torí Toyota ló ni Lexus, inú iṣẹ́ òfì sì ni ìdílé Toyoda ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìhunṣọ ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó ṣe ọkọ̀. Àwọn ìyá wa ahunṣọ ní Bùnú ì bá wo ojú Lexus lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sọ ohun tó jẹ́.

Kò sì jẹ́ tuntun kí ẹnu pa ọkọ̀. Ford gbé Edsel jáde ní 1957, ó la gríìlì rẹ̀ lóòró bí àjàgà ọrùn ẹṣin. Ẹ̀rín tí wọ́n fi í rín kò kéré. Ẹnu yẹn nìkan kọ́ ló pa á, àmọ́ nígbà tí 1959 fi máa parí, wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe é.

Òfin náà dá sí i. Láti 2005 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí wọ́n ṣe iwájú oríṣi ọkọ̀ tuntun lọ́nà tí kò fi ní ṣe ẹni tó bá kọ lù léṣe púpọ̀. Orí èèyàn tó bá ṣubú lu bọ́nẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ bá irin ẹ́ńjìnì pàdé nísàlẹ̀, àyè gbọ́dọ̀ wà láàrin àwọn méjèèjì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì wá gbé sókè, iwájú ọkọ̀ sì di ògiri. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ kún ara ògiri. Wọ́n fi ẹnu kún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń bí mi nínú nìyí: púpọ̀ nínú ẹnu wọ̀nyí kì í mí. Àwọn ọkọ̀ kan ní ilẹ̀kùn kéékèèké lẹ́yìn gríìlì tó ń pa dé fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnì bá tutù, kí afẹ́fẹ́ má baà fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ìyẹn dáa, ọgbọ́n ni. Àmọ́ ẹ wo BMW iX, tó ń fi bátìrì rìn. Kíndìnrín rẹ̀ ga gogoro, ó sì dé pinpin. Kámẹ́rà àti rédà tó ń ṣọ́ ọ̀nà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ike rẹ̀ tiẹ̀ lè san fúnra rẹ̀ bí nǹkan bá ha á. Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n tún kọ̀ láti yọ ọ́ kúrò. Ẹnu ńlá kò dùn mí o. Ẹnu tó ń purọ́ ló dùn mí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Èmi náà ti fẹ́ ojú tuntun rí. Tókunbọ̀ ọdún 2008 ni mò ń wà, mo gbé e lọ fún upgrade ní ṣọ́ọ̀bù kan: kí wọ́n yọ ojú àtijọ́, kí wọ́n fi ojú ọkọ̀ ọdún 2016 sí i. Wọ́n pààrọ̀ iná, bọ́ńpà àti gríìlì. Ó rẹwà débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀. Ìrìn àjò àkọ́kọ́, láti Kàbà sí Ìsánlú, ibi ìnáwó, bí a ṣe kọjá Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnì hàn fi àárín sílẹ̀. Ká tó dé Mọ̀pà, omi ti ń hó.

Mẹkáníìkì tí wọ́n pè wá kí mi, "Ọkún o, ọ̀gá." Mo rò pé á bèèrè omi. Ó lóṣòó síwájú ọkọ̀, ó ki ìka bọ ojú afárá oyin dúdú tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ìka kò wọlé. Ó gbìyànjú ibòmíràn, kò wọlé.

Ó ní, "Ẹ wá wò ó, ọ̀gá. Kò sí ihò níbẹ̀. Àwòrán ihò ni wọ́n yà fún yín."

Ó wá ọ̀pá irin kan, ó kì í bọnú èédú ìyá tó ń sun àgbàdo nítòsí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹnu ọkọ̀ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òórùn ike jíjóná gba gbogbo ibẹ̀. Ihò náà kò dọ́gba, òmíràn tóbi, òmíràn yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, etí wọn sì dà bí ẹnu ọgbẹ́. A tún gbéra. Abẹ́rẹ́ padà sí àárín, kò sì kúrò níbẹ̀ títí a fi dé Ìsánlú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ jáde wá pàdé wa. Ó wo iwájú ọkọ̀ títí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ṣé eku ló jẹ ẹ́ ni?"