Dípò epo ní ìgbèríko: ibi tí ewu omi ti ń wá

Iná ni gbogbo èèyàn máa ń bẹ̀rù bí wọ́n bá gbọ́ pé dípò epo, ìyẹn ọgbà ńlá tí wọ́n ń tọ́jú epo ọkọ̀ sí, wà nítòsí abúlé. Ẹ̀rù náà tọ́, àmọ́ omi ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń wọni lára jù ní ìgbèríko, torí omi kànga àti omi odò ni ọ̀pọ̀ ilé ń mu níbẹ̀.

Iṣẹ́ dípò kò ṣòro láti yé ni. Epo á gba inú páìpù, ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ ojú irin wọlé, wọ́n á tú u sínú táǹkì onírin ńláńlá, lẹ́yìn náà àwọn táńkà á wá gbé e. Táǹkì bẹntiróòlù sábà máa ń ní òrùlé tó léfòó lórí epo fúnra rẹ̀, tó ń bá a gòkè, tó ń bá a sọ̀ kalẹ̀, kí oru má baà ráyè kó jọ. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í fò lọ sókè; ilẹ̀ ló máa ń wọ́ gbà, á wọ kòtò, á wọ gọ́tà, títí á fi pàdé iná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní dípò epo Buncefield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìyẹn, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2005. Ohun tó ń wọn epo inú táǹkì kan há, bẹ́ẹ̀ epo ń wọlé lọ. Súìṣì tó yẹ kó dá epo náà dúró kò ṣiṣẹ́. Bẹntiróòlù ya láti òkè táǹkì, oru rẹ̀ bo ilẹ̀, ó sì bú gbàmù. Èèyàn 43 fara pa. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé ògiri ìdènà tó yí àwọn táǹkì náà ká jò, tí epo àti omi tí wọ́n fi pa iná sì rin wọnú ilẹ̀ lọ bá omi tó wà nísàlẹ̀.

Ògiri yìí gan-an ló yẹ ká wò dáadáa. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò ni pé àyè inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gba 110% epo tí táǹkì tó tóbi jù níbẹ̀ ń gbà. Àmọ́ òjò ń rọ̀ sínú rẹ̀, omi náà sì gbọ́dọ̀ jáde, nítorí náà fáàfù kan máa ń wà nísàlẹ̀ ògiri. Òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọ̀ òṣùmàrè ń dán lójú omi, torí àmì epo nìyẹn. Bí kò bá sí, á ṣí fáàfù, omi òjò á ṣàn jáde, á sì tì í padà. Tó bá gbàgbé àtitì í, asán ni gbogbo ògiri náà: bí táǹkì bá bẹ́ lóru, ojú ihò yẹn lepo á gbà dé odò.

Èyí tó ṣòro jù láti rí kì í dún, kì í rú èéfín. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà ìwọ̀nba omi tó bá kó sínú táǹkì á lọ jókòó sísàlẹ̀ pátápátá. Irin ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, ihò kékeré á lu, epo á sì máa kán sínú ilẹ̀ lábẹ́ táǹkì, níbi tí ojú kò dé. Iye tó ń lọ lójúmọ́ lè kéré débi pé kò ní hàn nínú ìwé àkọsílẹ̀. Benzene, kẹ́míkà kan tó wà nínú bẹntiróòlù, máa ń yòrò mọ́ omi, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju míkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi kan; ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù ni míkírógíráàmù kan. Imú kò lè gbóòórùn rẹ̀ ní ìwọ̀n yẹn. Ẹni tó ń pọnmi kò ní mọ̀.

Ìdí nìyí tí dípò tó dáa fi máa ń gbẹ́ kànga àyẹ̀wò yí ọgbà rẹ̀ ká, pàápàá níhà ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń ṣàn lọ, tí wọ́n á máa bu omi ibẹ̀ lọ sí láàbù lóòrèkóòrè. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ máa tú táǹkì sófo lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí wọ́n wọ inú rẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn bí irin ìsàlẹ̀ ṣe nípọn tó. Èsì àyẹ̀wò méjèèjì kò yẹ kó mọ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ àti ìjọba. Ó yẹ kó tẹ àwọn tó ń mu omi àdúgbò náà lọ́wọ́.