Kí ni ìdáàbòbò ọjà abẹ́lé, kí ló sì dé tí ẹgbẹ́ kan náà fi ń gbé e, tó tún ń sọ ọ́ kalẹ̀?

Ní ìsọ̀ tí mo ti máa ń ra ìrẹsì ní ọjà Wúsè, àpò méjì ló máa ń wà ní ṣíṣí: ti òkèèrè àti ti Kẹ́bbí. Mudu kan náà (kóńgò là ń pè é nílé) ni màmá fi ń wọn méjèèjì. "Jẹ́ n wọn ti Kẹ́bbí fún ẹ, ọmọ mi, kò lókùúta mọ́." Ọwọ́ ìjọba wà nínú iye tí àpò kọ̀ọ̀kan ń lọ, ju bí a ṣe rò lọ.

Ìdáàbòbò ọjà abẹ́lé ni kí ìjọba mú kí ọjà òkèèrè gbówó lórí, tàbí kó má ríbi wọlé, kí àgbẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tiwa lè rí ọjà tà. Wọ́n lè fi kún owó bodè, ìyẹn owó tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń gbà lórí ẹrù. Wọ́n lè fòfin de ọjà náà pátápátá. Wọ́n sì lè fi dọ́là du ẹni tó fẹ́ lọ kó o wá.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí ẹgbẹ́ òṣèlú bá ti tọ ọ̀nà yìí, kò ní í yà mọ́. Ẹ wo APC. Buhari ò tí ì lo oṣù kan lórí oyè ní 2015 tí báńkì àpapọ̀, CBN, fi ní òun ò ta dọ́là mọ́ fún ẹni tó ń kó oríṣi ọjà 41 wọlé. Ìrẹsì wà níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Buhari lọ ṣí ètò ẹ̀yáwó àgbẹ̀ ní Birnin Kebbi. Ní 2019, wọ́n ti bodè orí ilẹ̀ pa, ó di òpin 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ní oṣù kìíní 2022, wọ́n to àpò ìrẹsì bí òkè ní Abuja níbí, a sì lọ wò ó.

Ẹgbẹ́ yẹn náà ló wà lórí oyè ní oṣù kẹwàá 2023 tí CBN gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin dọ́là náà. Ní oṣù keje 2024, ìjọba ní kí àgbàdo, àlìkámà, ẹ̀wà àti ìrẹsì tí wọn ò tí ì hó funfun wọlé fún ọjọ́ 150 láìsan owó bodè.

Kí ló yí padà? Èrè ìdáàbòbò máa ń ṣù jọ síbì kan: ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ Kẹ́bbí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ní Kánò. Gbogbo wa la sì ń pín owó rẹ̀ san, mudu kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá kéré, kò sẹ́ni tó máa pariwo. Àmọ́ ní oṣù kẹfà 2024, oúnjẹ ti fi ìdá tó ju 40 nínú 100 wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú. Ariwo ẹni tó ń rà á wá bo ti ẹni tó ń gbìn ín mọ́lẹ̀.

Mi ò bá wọn wí pé wọ́n yí padà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àsìkò rẹ̀ ló ká mi lára. Ẹ ka ọjọ́ 150 láti àárín oṣù keje, oṣù kejìlá lẹ máa bá ara yín. Àárín ìgbà yẹn gan-an ni ìrẹsì òjò ń dé láti oko, tí ẹni tó yáwó gbìn ín sì ń wá ẹni tí yóò rà á.