Bí sàréè ṣe ń gba orúkọ: ọ̀rọ̀ àwọn Gepid

Kò sí sàréè kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé Gepid ló sùn síbẹ̀. Síbẹ̀, nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Húngárì, Ròmáníà àti Sẹ́bíà, idà, ìlẹ̀kẹ̀ àti òòyà wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ wọn pé ti Gepid ni. Báwo ni orúkọ ọ̀hún ṣe débẹ̀?

Inú ìwé ló ti wá. Ìbátan àwọn Goth ni àwọn Gepid, lára àwọn ẹ̀yà Jámánì àtijọ́. Jordanes, tó kọ ìtàn àwọn Goth ní nǹkan bí ọdún 551, ní ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ni àwọn baba ńlá wọn bá rìn, pé àwọn tó wà nínú èyí tó pẹ́ dé jù ni wọ́n ń pè ní Gepid, èyí tó túmọ̀ sí onílọ̀ọ́ra. Ẹ̀yìn àwọn Goth ni Jordanes wà, kò yani lẹ́nu. Ní 454, Ardaric ọba wọn ṣíwájú ogun tó ṣẹ́gun àwọn ọmọ Attila, ọba àwọn Hun, létí odò Nedao. Láti ìgbà náà títí di 567, tí àwọn Lombard, ẹ̀yà Jámánì mìíràn, àti àwọn Avar, jagunjagun ẹlẹ́ṣin tó wá láti ìlà oòrùn, pawọ́ pọ̀ fọ́ ìjọba wọn, àwọn ló ń jẹ gàba lórí ilẹ̀ tó yí odò Tisza ká títí wọ Transylvania, tó wà ní Ròmáníà lónìí. Bí wọ́n bá wá hú itẹ́ òkú kan jáde lórí ilẹ̀ yìí, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì bọ́ sáàárín ọdún méjèèjì, Gepid ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè é. Ká sòótọ́, máàpù ló ń sọ sàréè lórúkọ kí ohun inú rẹ̀ tó sọ̀rọ̀.

Ohun inú rẹ̀ náà kò kéré. Ní Szentes àti Hódmezővásárhely-Kishomok ní Húngárì, àti ní Moreşti ní Transylvania, òkú tò lẹ́sẹẹsẹ bí ebè, orí sí ìwọ̀ oòrùn, ẹsẹ̀ sí ìlà oòrùn, kí ojú lè kọ ibi tí ilẹ̀ ti ń mọ́. Ọkùnrin a máa ní ọ̀kọ̀, ọfà tàbí idà olójú méjì, àti irin tó wà láàárín asà. Igi asà fúnra rẹ̀ ti jẹrà. Obìnrin a máa ní píìnì ńlá méjì tó fi há aṣọ léjìká, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, àti ìgbànú tí irin ìdè rẹ̀ tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n ṣe orí ẹyẹ idì sí ìdí rẹ̀. Tọkùnrin tobìnrin ló ń ní òòyà egungun tó léyìn lápá méjèèjì.

Ìṣòro ni pé olè ti débẹ̀ ṣáájú. Láyé àtijọ́ gan-an ni wọ́n ti tún ọ̀pọ̀ sàréè yìí gbẹ́, tí wọ́n kó wúrà àti fàdákà lọ, tí wọ́n da egungun rú. Àmọ́ bàbà kì í lọ láìfi àmì sílẹ̀: ó máa ń pa egungun láró, àwọ̀ ewé. Bí awalẹ̀pìtàn bá rí àbàwọ́n ewé lára egungun ọrùn tàbí ejìká, ó mọ̀ pé píìnì ti wà níbẹ̀ rí, bí kò tilẹ̀ fojú kàn án.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ kò sọ ẹni tó bíni. Irin ìgbànú olórí idì yìí wà lára àwọn Goth ní Crimea, létí Òkun Dúdú, náà. Orí gígùn tí wọ́n bá nínú àwọn sàréè mìíràn, irú èyí tí wọ́n ti fi ọ̀já dì láti kékeré, àṣà tó gbilẹ̀ nígbà àwọn Hun ni, ẹ̀yà púpọ̀ ló gbà á. Eyín lè sọ ibi tí òkú ti jẹun nígbà èwe rẹ̀, DNA lè sọ àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Kò sí èyí tó lè sọ ohun tó ń pe ara rẹ̀. Ọdún 567 pàápàá kì í ṣe òpin: ní Band, ní Transylvania, wọ́n ṣì ń sin òkú lábẹ́ àwọn Avar, wọ́n sì sin alágbẹ̀dẹ kan pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀.

Ní Apahida, lẹ́bàá ìlú Cluj ní Transylvania, sàréè ọlọ́lá kan jáde ní 1889. Píìnì wúrà tó wà níbẹ̀ jẹ́ irú èyí tí àwọn ìjòyè Róòmù fi ń so aṣọ ìlékè wọn. Irú rẹ̀ wà nínú sàréè Childeric ọba àwọn Frank, tí wọ́n rí ní Tournai ní 1653. Òrùka Childeric pè é ní ọba. Ti Apahida ní àmì àgbélébùú àti orúkọ lásán, OMHARIVS. Orúkọ ara rẹ̀ nìyẹn. Ti ẹ̀yà rẹ̀, àwọn tó hú u jáde ló bá a fi sí i, nítorí ibi tí wọ́n ti bá a.