Fáìsì oníhándù méjì kì í sọ dírílì di ẹ̀rọ milling

Ẹni tó bá ń to ṣọ́ọ̀bù kékeré sẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀ n'Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ní Àpáta tàbí Ọ̀jọ́ọ̀, kò ní pẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn yìí: "Kí lo fẹ́ fi milling ṣe? Ra dírílì onídùúró, de fáìsì oníhándù méjì mọ́ ọn, ó parí." Ẹ̀rọ milling ni ẹ̀rọ tó ń fi kọ́tà eléyín tó ń yí gé irin. Àwọn tó ń sọ ìmọ̀ràn yìí kò gbèrò ibi. Wọ́n rí i pé dírílì ń yí, fáìsì náà ń gbé irin lọ sọ́tùn-ún sósì, wọ́n wá rò pé kò ku nǹkan kan. Ohun tó kù yẹn ló lè ṣe èèyàn léṣe.

Òkè ni dírílì ti ń tẹ irin. Chuck ọ̀pọ̀ wọn, ìyẹn ẹnu tó ń di bíìtì mú, kò ní ìdè kankan. Orí ọ̀pá tó tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ ló há sí, títẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ló sì ń mú kó há dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ni kọ́tà milling fi ń jẹ irin ní tiẹ̀. Eyín rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá kan irin ń gbá chuck lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń tú u díẹ̀díẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, bí wọ́n ṣe lọ́ eyín ọ̀pọ̀ kọ́tà máa ń fa kọ́tà fúnra rẹ̀ wálẹ̀ sínú irin. Kọ́tà mìlímítà 10 lórí irin lásán ń yí tó ìgbà 800 níṣẹ̀ẹ́jú kan. Bí chuck bá jábọ́ lórí ìyí yẹn, ọwọ́ yín wà lórí hándù fáìsì, kò jìnnà síbẹ̀ rárá.

Kó tó jábọ́ pàápàá, iṣẹ́ á ti bàjẹ́. Ojú kíì, ìyẹn ojú gbọọrọ tí kíì ń wọ̀, tí ẹ gé sára ṣáàfù á fẹ̀ ju kọ́tà lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á rí jágajàga. Ẹ pa iná dírílì yín, ẹ di chuck mú, kí ẹ tì í lọ tì í bọ̀. Èyí tí ọwọ́ lásán bá lè mì, kọ́tà á mì í jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ẹ̀rọ milling, ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n ń pè ní drawbar gba inú rẹ̀ láti òkè, ó ń lọ́ mọ́ collet, ìyẹn ihò irin tó ń fún mọ́ kọ́tà, ó sì ń fà á sókè pinpin. Collet ń di kọ́tà mú yíká. Ibi mẹ́ta péré ni chuck ti ń dì í mú. Drawbar yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó béèrè agbára mọ́tò. R8, irú ojú ihò kan tí collet ń wọ̀, tí ilé iṣẹ́ Bridgeport ti Amẹ́ríkà pilẹ̀, dáa. Morse 3, irú ojú ihò mìíràn, náà dáa, bí ẹ bá ṣáà ti lè rí collet rẹ̀ rà.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ ka àwo ara mọ́tò rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn ńlá ló ń lo iná three-phase. Lẹ́yìn náà, ẹ yí hándù tábìlì síwá, kí ẹ dá a padà sẹ́yìn, kí ẹ wo bí hándù ṣe máa yí pẹ́ tó kí tábìlì tó tẹ̀ lé e. Ẹ gbé tábìlì láti àárín dé ìpẹ̀kun. Bó bá ń yọ̀ lọ ní àárín tó sì há ní ìpẹ̀kun, àárín ti gbó nìyẹn, ẹ dín owó rẹ̀ tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Bí owó kò bá tíì ká ẹ̀rọ milling, tí ẹ sì ní léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin fún gígé, ẹ ra slide onídùúró, tábìlì kékeré tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n ń dè mọ́ ọn. Irin á wà lórí slide, kọ́tà á wà nínú collet lẹ́nu léètì, pẹ̀lú drawbar lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ṣe ẹnu léètì láti gba ìgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà ó tó fún iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ kò bá ṣáà ti jẹ irin jù lẹ́ẹ̀kan.