Kí Ẹ Tó Ra Dómèènì Àlòkù

Màmá aládìrẹ kan láti Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, wá bá mi. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi gbààwẹ̀ nítorí ìkànnì wọn tí Google kọ̀ tí kò gbé jáde. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ayé ló ń bá òwò wọn jà. Ayé kọ́. Dómèènì, ìyẹn orúkọ tí wọ́n fi ń ṣí ìkànnì wọn, ni. Ọmọkùnrin kan ló tà á fún wọn lórí WhatsApp: orúkọ tí ẹni tó ni ín ò sanwó rẹ̀ mọ́, tí línkì láti àwọn ìkànnì mìíràn kún ẹ̀yìn rẹ̀, "DA 52".

DA yìí, máàkì tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára dómèènì, ń bí mi nínú! Ilé-iṣẹ́ Moz ló ṣe é, Google kì í lò ó. Ẹni tó fẹ́ ta ọjà bàjẹ́ lè fi línkì ayédèrú wú u sókè.

Mo ṣí web.archive.org, níbi tí wọ́n ń tọ́jú bí ìkànnì ṣe rí láyé àtijọ́ sí, lójú Màmá, mo tẹ dómèènì náà sí i. 2014: ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ nínú yúnífọ́ọ̀mù búlúù. 2019: òfìfo. 2021: tẹ́tẹ́ lédè Ṣáínà, láti òkè délẹ̀. Wọ́n wò ó títí. "Ṣé iwájú ilé tẹ́tẹ́ ni mo pàtẹ àdìrẹ mi sí?"

Línkì níye lórí, mi ò jiyàn. Láti 1998 tí Larry Page àti Sergey Brin tó dá Google sílẹ̀ ti gbé PageRank, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìkànnì, jáde ni Google ti ń ka línkì sí ẹ̀rí tí ìkànnì kan ń jẹ́ fún òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jẹ́rìí fún ti lọ. Ní oṣù Kẹta 2024, Google sọ ọ́ lófin pé sípáàmù, ìyẹn màgòmágó, ni kéèyàn ra dómèènì tó ti kú, kó fi ti ọjà tí kò bá a tan sókè. Àpẹẹrẹ kan tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an ni tẹ́tẹ́ lórí ìkànnì tó jẹ́ ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ aṣọ lẹni àkọ́kọ́ ń tà, tí ẹ̀yin náà ń ta aṣọ, mo lè ní kẹ́ ẹ rà á. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi so línkì rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí tẹ́tẹ́ níbẹ̀, ẹ sá. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò ní Spamhaus, àwọn tó ń kọ orúkọ dómèènì tí wọ́n mọ̀ mọ́ sípáàmù sílẹ̀, nítorí ímeèlì yín. Ìjìyà tí Google ti fi lé e lórí ńkọ́? Inú Search Console, ojú ìwé tí Google fi ń bá oníkànnì sọ̀rọ̀, ló wà, ẹni tó ni dómèènì nìkan ló ń rí i. Ẹ ó ti sanwó kí ẹ tó mọ̀. Ìdí tí mo fi ń pariwo archive nìyẹn.

A ti ra orúkọ tuntun fún Màmá. Lọ́rá 500 tí wọ́n ti tẹ èyí àkọ́kọ́ sí ṣì wà ní ìsọ̀ wọn. Wọ́n ń yí inú rẹ̀ síta kí wọ́n tó fi di àdìrẹ fún oníbàárà.